Oúnjẹ bàbá wa àti ìfọ̀kànbalẹ̀ wọn: ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ìfúnpá gíga (ẹ̀jẹ̀ ríru)

Ọmọ Olùkọ́, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá síwájú yín. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti pé ẹni ọdún 68. Láti ìgbà tí màmá wa ti papò dà ni wọ́n ti ń gbé pẹ̀lú èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n lọ yẹ ojú wọn wò, ni nọ́ọ̀sì bá wọn ìfúnpá wọn, ó sì bá a ní 168 lórí 98. Orí kò fọ́ wọn, òòyì kò kọ́ wọn, wọn kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe wọ́n. Dókítà fún wọn ní oògùn, ó sì sọ fún mi pé kí n dín iyọ̀ inú oúnjẹ wọn kù.

Ìbẹ̀rù ni ó mú mi ṣe àṣejù. N kò dín iyọ̀ kù, ńṣe ni mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mo ra ìkòkò kékeré kan tí mo fi ń dá oúnjẹ wọn sè, láìsí iyọ̀, láìsí epo, láìsí ẹja, mo sì ń gbé e lọ bá wọn nínú yàrá kí òórùn ọbẹ̀ tiwa má baà máa fa ọkàn wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ kù. Ní báyìí, wọn á bu òkèlè mẹ́ta, wọn á fọwọ́, wọn á sì kọjú sí ògiri. Wọn kì í jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọn kì í sì í bá àwọn ọmọ yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, nígbà tí mo wọlé lọ kó àwo, wọ́n wí fún mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo jí tí ẹ fi jù mí sẹ́wọ̀n?" Mo padà sí ilé ìdáná, mo jókòó, mo sunkún.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe lè máa bọ́ wọn ní ọ̀nà tí yóò ṣe ara wọn lóore, tí inú wọn yóò sì tún máa dùn. Ẹni tí ó bá ti la irú rẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ mọ̀ pa mọ́.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ gbé ìkòkò kékeré yẹn kúrò lórí iná lónìí yìí, nítorí òun gan-an ni ó ń ba bàbá yín lọ́kàn jẹ́. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti sọ fún ọkọ mi pé ìfúnpá wọn ga, àṣìṣe kan náà ni èmi pẹ̀lú kọ́kọ́ ṣe, títí ìyá ọkọ mi fi bi mí léèrè pé iyọ̀ tí kò dára fún bàbá, ṣé ó wá dára fún àwọn ọmọ ni? N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò kan ṣoṣo ni a ń gbé kaná nínú ilé wa, inú rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń jẹ, ohun tí a bá sì dín kù, tọmọdé tàgbà ni a dín in kù fún.

Ẹ má ṣe dín in kù lójijì. Ahọ́n ni ó kọ́ iyọ̀, ahọ́n náà ni yóò sì gbàgbé rẹ̀ bí a bá fún un láyè. Bí ó bá jẹ́ ṣíbí kékeré méjì, èyí tí a fi ń po tíì, ni ẹ ń bù sí ìkòkò ọbẹ̀, ẹ bu ọ̀kan àti ààbọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ bu ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ bu ààbọ̀. Ní ilé wa, kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oúnjẹ òde níyọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń se ẹ̀fọ́ ṣọkọ, nítorí ọbẹ̀ yìí ni ó gba ilé wa là. Mo máa ń fọ ewé náà kí n tó gé e, nítorí bí a bá gé e tán kí a tó fọ̀ ọ́, omi ni yóò gba ohun rere inú rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan péré ni mo ń fi bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí n tó fún un. Epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ni mo ń gbé kaná fún ìkòkò tí ènìyàn mẹ́fà yóò jẹ, n kì í sì í jẹ́ kí ó jó títí yóò fi funfun, nítorí inú pípọ́n tí epo pọ́n yẹn ni èròjà tí ara wa fi ń ṣe fítámì A wà. Odidi àlùbọ́sà ńlá kan tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni irú pẹ̀tẹ̀ tí ó kún ọwọ́ kan, mo sì máa ń dúró títí òórùn irú náà yóò fi jáde dé ojúlé kejì kí n tó da ata rodo àti tàtàṣé tí mo gún gbúngbùn-gbúngbùn sí i. Bí omi ata bá ti gbẹ, ẹja títù tàbí ṣáwá yóò wọlé, ẹ̀fọ́ ni ó sì ń kẹ́yìn, a kò sì gbọdọ̀ dé ìkòkò pa á lórí bí a bá fẹ́ kí ó tutù yọ̀yọ̀. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré ti tó o. Màgí kò dé ibẹ̀. Irú, àlùbọ́sà, ata, efinrin àti atalẹ̀ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí a ti gbé fún màgí láti ọjọ́ yìí. Kìkì pé kí ẹ bi ìyá onírú bóyá ó ti fi iyọ̀ sí i, nítorí àwọn kan a máa fi iyọ̀ pa á mọ́ kí ó lè pẹ́.

Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà ń pe ewé yìí ní ṣọkọ yòkòtò. Ẹ bù ú fún bàbá pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú gbogbo ilé.

Nọ́ọ̀sì Ìgbèríko, Ọ̀ṣun

Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, mo sì fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má ṣe tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò yẹ kí ó tó ṣíbí kékeré kan tí a rẹ́ lórí. Wọn kò sọ pé aláìsàn nìkan ni èyí wà fún. Nítorí náà, ilé tí ó bá ń se ìkòkò méjì, tí ó dín iyọ̀ kù nínú ọ̀kan tí ó sì jẹ́ kí ó kún inú èkejì, ó ń tọ́jú ẹni kan ni, ó sì ń fi àìsàn kan náà sílẹ̀ de àwọn yòókù.

Iyọ̀ tí a ń rí kọ́ ni gbogbo iyọ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ màgí tí a ń rà lọ́jà, iyọ̀ ni ó gba ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tí ó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ tí ó sì fi màgí mẹ́rin dípò rẹ̀ kò tíì ṣe ohunkóhun. Iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì, nínú ìdì èlò kékeré tí ó máa ń bá nódù wá, nínú ẹja inú agolo, àti nínú ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi iyọ̀ sá. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá kì í rò, èyíinì ni kánún tí a ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà. Sódíọ̀mù tí ó wà nínú iyọ̀, tí ó ń mú kí ìfúnpá ga, ó wà nínú kánún náà. Ewédú tí a bá fi ìjábẹ̀ já dáadáa kò nílò rẹ̀. Ẹ̀wà tí a bá rẹ sínú omi láti òru mọ́jú yóò tètè rọ̀ láìsí kánún.

Bí ìfúnpá bá ti ń lọ sókè dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì wọ̀n ọ́n ju ọjọ́ kan lọ tí kò yí padà, ìfúnpá gíga ni. Bí ó ti rí fún bàbá yín náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀: kì í dun ènìyàn, kì í kìlọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ̀yin àti ọkọ yín pẹ̀lú lọ wọn tiyín.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìwádìí kan tí ó ti àárín wa jáde. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 2,000 tí àrùn rọpárọsẹ̀ (sítíróòkì) kọ lù ní Nàìjíríà àti ní Gánà, wọ́n sì fi wọ́n wé iye ènìyàn kan náà tí àrùn náà kò kọ lù. Ohun 11 ni wọ́n rí tí ó ń fa ewu rẹ̀ mọ́ra, ìfúnpá gíga ni ó sì ṣíwájú wọn. Ẹ wo àwọn mìíràn tí ó wà nínú rẹ̀: ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, àìjẹ ewébẹ̀ tó, iyọ̀ tí a ń bù lé oúnjẹ nígbà tí ó ti dé orí tábìlì, àìkì í rìn tàbí ṣe eré ìdárayá, àti ìdààmú ọkàn. Ẹ rí i pé orí ìwé kan náà ni ẹ̀fọ́ àti ìdààmú ọkàn wà. Bí a bá fi oúnjẹ tọ́jú ìfúnpá tí a sì fi oúnjẹ kan náà kó ìbànújẹ́ bá ẹni tí a ń tọ́jú, ọwọ́ kan ni a fi ń kọ́ ilé tí a sì ń fi ìkejì wó o.

Nípa kíkọjú sí ògiri tí ẹ sọ, ẹ má ṣe fojú kékeré wò ó. Bí ẹ bá ti yí ọ̀nà padà, tí ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn kò sùn dáadáa, tí wọn kò jẹun, tí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ wọn kò dùn mọ́ wọn mọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ ti ìfúnpá. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú tirẹ̀, kì í ṣe ìwà búburú, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ọmọ Èkìtì, Adó

Ẹ kú àkíyèsí. Omi ewúro ni ẹ̀gbọ́n mi ń mu ní gbogbo òwúrọ̀ ní tiwọn, ìfúnpá wọn sì ti wálẹ̀ débi pé wọ́n ti fi oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ẹ dán an wò fún bàbá.

Nọ́ọ̀sì Ìgbèríko, Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun, ọmọ Èkìtì, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú yín sọ ọ́. Ewúro dára nínú ọbẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín padà lọ rí dókítà wọn. Nígbà tí ìfúnpá bá wálẹ̀, oògùn ni ó sábà máa ń jẹ́ ohun tí ó mú un wálẹ̀, bí a bá sì dá a dúró, yóò tún gòkè láìjẹ́ kí ẹni náà mọ̀. Dókítà nìkan ni ó lè dín in kù tàbí kí ó dá a dúró. Mo sì fẹ́ fi èyí kún un fún gbogbo yín pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ní àléébù gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó máa jẹ ewébẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èso púpọ̀, tàbí kí ó tó lo iyọ̀ tí wọ́n pè ní iyọ̀ onílera, nítorí pòtásíọ̀mù inú wọn tí ó ń ṣe ẹlòmíràn lóore lè ṣe é ní ibi.

Bàbá Afẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, omi sì wá sí mi lójú, nítorí èmi ni mo wà ní ipò bàbá rẹ. Ẹni ọdún 72 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń lo oògùn ìfúnpá. Jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá rẹ kò lè sọ fún ọ.

Nígbà tí wọ́n bá sọ fún àgbàlagbà pé ara rẹ̀ kò yá, kì í ṣe ikú ni ó kọ́kọ́ ń bà á lẹ́rù. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ó má baà di ẹrù sí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tí ó ti ń bọ́ ilé, tí ó ti ń pín ẹran fún gbogbo ènìyàn, òun náà ni wọ́n wá ń gbé àwo lọ bá nínú yàrá bí abiyamọ tí kò tíì jáde. Iyọ̀ tí kò sí nínú ọbẹ̀ rẹ kọ́ ni ó ń dun bàbá rẹ. Àìsí wọn nídìí àwo ni. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí mo jókòó sórí ibùsùn mi pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́ tí kò ládùn, tí mo ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ọmọ mi ṣe ń jà lórí egungun ẹja ní pálọ̀, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé bí mo bá jókòó láàárín wọn, ẹ̀kọ yẹn kan náà ni ǹ bá jẹ tí ǹ bá sì béèrè òmíràn.

Nítorí náà, àkọ́kọ́, dá bàbá rẹ padà sí àyè wọn. Kí wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, kí àwọn ọmọ sì fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́. Ẹ má ṣe dárúkọ àìsàn nígbà tí ènìyàn bá ń jẹun. Aya ọmọ mi kan, ọmọ dáadáa ni, kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti nawọ́ sí ẹran ni yóò ti sọ pé, "Bàbá, ẹ rántí ìfúnpá yín o." Oúnjẹ á sì di ẹjọ́. Èmi fúnra mi ni mo pè é, mo ní, "Ìyàwó mi, ohun tí o kò bá fẹ́ kí n jẹ, má ṣe gbé e sínú àwo." Láti ìgbà yẹn ni àlàáfíà ti wà. Ẹja ni ó ń pọ̀ nínú ọbẹ̀ báyìí, ẹran sì di ohun tí a ń rí ní ọjọ́ Àìkú, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi pé wọ́n fi nǹkan dù mí.

Èkejì, fún wọn ní iṣẹ́. Olùkọ́ ni wọ́n, ìwọ ni o sọ ọ́. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ẹ̀rọ ìwọnfúnpá fún wọn, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n fúnra wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n gbé apá lé orí tábìlì, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fa ìlà sí ìwé náà: ọjọ́, àárọ̀, alẹ́, ohun tí a jẹ. Tèmi ti di ìwé mẹ́rin. Nígbà tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, èmi ni mo ń ṣàlàyé fún un, ó sì ń gbọ́. Ẹni tí ó ń kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n àìsàn, alábòójútó rẹ̀ ni. Kí àwọn ọmọ ọmọ sì jókòó tì wọ́n kí wọ́n máa kà á. Bí wọ́n bá fẹ́ ra nódù tàbí bisikíìtì, kí wọ́n gbé e wá fún bàbá àgbà kí wọ́n jọ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣirò ni, olùkọ́ kì í sì í sá fún ìṣirò.

Ẹ̀kẹta, ìrìn. Mo ń jáde ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, kí oòrùn tó mú, mo ń rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 150 ìṣẹ́jú tí àwọn onímọ̀ ìlera ń béèrè lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe eré sísá. Bí mo bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí n kò lè kọrin, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi yá tó. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ, kì í ṣe nítorí ìfúnpá ni mo ṣe ń jí lọ. Mo ń lọ nítorí àwọn tí mo ń kí. Ìyá alákàrà, ọ̀gá tí ń tún ọkọ̀ ṣe, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń dúró lábẹ́ igi mọ́ńgòrò, ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò sọ pé, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀, ẹ jí dáadáa?" Bí mo bá ti dáhùn ìkíni mẹ́wàá, ìrònú tí mo bá jí ti fò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ọpọ́n ayò ń dúró dè mí. Bá mi wá ẹni tí yóò máa bá bàbá rẹ ta ayò, tàbí ẹni tí wọn yóò jọ máa gbọ́ ìròyìn lórí rédíò kí wọ́n sì jọ máa bá ìjọba jiyàn. Èyí tí ó bá wù wọ́n nínú méjèèjì ni.

Opó ni bàbá rẹ pẹ̀lú. O mẹ́nu bà á fẹ́rẹ́, o sì kọjá. Ta ni ó ń se oúnjẹ wọn tẹ́lẹ̀? Béèrè lọ́wọ́ wọn bí màmá yín ṣe ń se ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù, kí o sì sè é ní ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n jókòó sí ilé ìdáná kí wọ́n máa tọ́ ọ sọ́nà. Wọn yóò sọ nípa màmá yín, ohun tí ó ti há sí wọn lọ́kàn yóò sì rí ọ̀nà jáde.

Ará Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo ní kí n sọ èyí fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Kàríbíà àti ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 16 ni ó ní ìfúnpá gíga ní ilé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní Kàríbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ wa kò yí padà nínú ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí a ń jẹ, bí a ṣe ń gbé ayé, àti ìnira tí a ń bá pàdé ni ó yí padà, àwọn tí ó wà ní ìlú ńlá ní ilé náà sì ti ń bá wa rìn lójú ọ̀nà yẹn báyìí.

Ní tèmi, iṣẹ́ ọ̀sán sí alẹ́ ni mò ń ṣe. Mo máa ń dé ilé ní agogo mẹ́wàá alẹ́, máa ro ẹ̀bà tí ó tó orí ọmọ, máa fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e, máa sì sùn. Àwọn kan nínú irú ọtí bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100, nítorí náà ìgò 50cl kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí kékeré méjìlá. Nígbà tí mo bu ṣúgà méjìlá yẹn sínú ife fúnra mi tí mo sì wò ó, n kò lè mu ún mọ́. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń se ẹ̀wà àti ọbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, mo ń pín in sínú ike, mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ara mi fúyẹ́, mo sì ní àwọn ọ̀rẹ́ tí n kò ní tẹ́lẹ̀.

Ìyá Olóúnjẹ, Ṣàgámù

Ọ̀rọ̀ òkèlè ni tèmi. Ènìyàn kì í jáwọ́ nínú àmàlà, ìwọ̀n rẹ̀ ni a ń yí padà. Nínú àwo bàbá, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ ju òkèlè lọ. Ẹ fi gbẹ̀gìrì kún ewédú, nítorí ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ó ń dúró pẹ́ nínú ikùn, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n béèrè àmàlà kejì. Àwọn kan a máa sọ pé òkèlè tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ṣe kò ní nǹkan nínú, pé ènìyàn lè jẹ ẹ́ bí ó bá ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òkèlè ni òkèlè ń jẹ́, ìwọ̀n ni ohun gbogbo. Bí ẹ̀wà bá sì wọ́n lọ́jà, ẹ fi ilá, ewédú àti gbúre kún àwo, kò sí ohun tí ó pọ̀ tó wọn ní àsìkò òjò.

Ọmọ Olùkọ́, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti kọ̀wé sí yín, mo sì ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Mo ti fi ìkòkò kékeré náà ṣe ìkòkò omi gbígbóná. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pe bàbá wá sí tábìlì, wọ́n kọ̀, wọ́n ní àwọn ti jẹun. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣe bí Bàbá Ìjẹ̀bú ti wí, mo béèrè bí màmá ṣe ń se ẹ̀fọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá sọ pé, "Ìyá rẹ kì í gé àlùbọ́sà báyẹn." Wọ́n dìde, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì jókòó lórí àpótí. A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ rí, bí màmá ṣe ń ṣọ́ iyọ̀ lò nígbà tí owó oṣù kò wọlé, tí ó ń fi irú bò ó mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà mọ̀. Wọ́n jẹ àwo kan tán, wọ́n sì béèrè ẹ̀fọ́ sí i.

Kò rọrùn ní gbogbo ọjọ́ o. Ọkọ mi ṣàròyé lórí ọ̀rọ̀ màgí, ó ní oúnjẹ ti di ti aláìsàn, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnu rẹ̀ tó bá a mu, òun náà sì lọ wọn ìfúnpá tirẹ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n bá a ní 144 lórí 92, wọ́n sì ní kí ó padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn. Kò sọ̀rọ̀ màgí mọ́ láti ìgbà náà. Ti bàbá jẹ́ 146 lórí 88 ní ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú oògùn wọn tí wọn kò pa jẹ, dókítà sì ní kí a máa bá a lọ. Inú ìwé wọn ni mo ti rí i, wọ́n fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń máàkì iṣẹ́.

Ohun kan ni ó kù tí mo fẹ́ béèrè. Wọ́n ti kó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin jọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn àti ọmọ mi kejì ni wọ́n fi erùpẹ̀ kún un, wọ́n ní ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ni àwọn fẹ́ gbìn. Níbo ni a ti lè rí irúgbìn tí ó dára?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, inú mi dùn jọjọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀, tí a mọ̀ sí NIHORT, ní Ìdí-Iṣin níbẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ ti ọjà, ẹ wá igi ṣọkọ tí ó ti gbó tí ó ti yọ òdòdó, ẹ gbọn orí rẹ̀ sórí bébà, àwọn wóró dúdú kéékèèké tí ó bá já bọ́ ni irúgbìn. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, nítorí ó kéré púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò hù mọ́ra ṣìkìtì. Tẹ̀tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣe é jẹ, ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn ni yóò já èyí àkọ́kọ́.